Ẹ̀yìn bálọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́? Bó o ṣe lè mọ èyí tó o máa mú láàárín Yes àti No

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Inglewood ní Kalifọ́níà lèmi àti ọkọ mi ń gbé, ọdún 2023 la di sítísìn. Ní 2024 tí mo kọ́kọ́ dìbò, ti ààrẹ ò yọ mí lẹ́nu, àfìgbà tí mo yí bálọ́ọ̀tì sẹ́yìn tí mo rí proposition mẹ́wàá, àwọn òfin tí wọ́n ní ká fi Yes tàbí No dáhùn! Ọkọ mi ní ká má fọwọ́ kan ìkankan, ká má lọ ba ìbò wa jẹ́. Ìyá ìjọ wa ní ohun tí ò bá ti yé èèyàn, No ni kéèyàn kọ sí i. Mo bá mú No láti òkè délẹ̀. Títí di báyìí ọkàn mi ò balẹ̀. Báwo lẹ̀yin ṣe máa ń ṣe tiyín? Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?"

Àbúrò mi, o ṣeun gan-an tó o béèrè, torí ohun tó ń ṣe ẹ́ yìí ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa, wọn ò kàn ní sọ ọ́ síta ni. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti wà ní Los Angeles, bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí ìbò bá sì dé mo máa ń lọ ṣe òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dìbò. Àwọn ará wa máa ń wọlé wá, nọ́ọ̀sì, dírẹ́bà, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, wọ́n á kun ti ààrẹ àti ti sẹ́nétọ̀ wàràwàrà, tó bá wá ku ẹ̀yìn bálọ́ọ̀tì wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa wò mí. Mi ò sì lè la ẹnu, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni polówó ìbò láàárín 100 ẹsẹ̀ bàtà sí ibẹ̀, ká má tíì sọ èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì látọjọ́ yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ lónìí, fara balẹ̀ kà á.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọkọ rẹ kúrò nílẹ̀. Kò sí bí proposition kan ṣe lè ba ìbò rẹ tó kù jẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tó o bá dáhùn ẹyọ kan tó o fi mẹ́sàn-án sílẹ̀, wọ́n á ka ẹyọ kan yẹn, ti ààrẹ tó o dì náà á sì wà níbi tó wà. Torí náà èyí tí ò bá yé ẹ rárá lẹ́yìn tó o ti kà á, fi í sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bi ẹ́. Ṣùgbọ́n kó o mọ̀ pé àwọn tó dáhùn nìkan ni wọ́n ń kà sí Yes àti No, ẹni tó fi í sílẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ náà lé àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn, àwọn ni wọ́n á bá a pinnu owó orí ilé rẹ̀ àti rẹ́ńtì rẹ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀.

Èyí kì í sì ṣe ìbò ká yan èèyàn. Tá a bá dìbò fún aṣòfin, iṣẹ́ la rán an, tó bá jẹ iṣẹ́ náà burúkú a lè yọ ọ́ nígbà tí ìbò bá tún dé. Ní ti proposition, ìwọ gan-an laṣòfin lọ́jọ́ yẹn. Gómìnà ò lè wọ́gi lé e, ilé aṣòfin tó wà ní Sacramento náà ò sì lè fọwọ́ kan òfin táwọn olùdìbò mú wá fúnra wọn àfi tí wọ́n bá gbé e padà wá bá wa, tàbí tí òfin ọ̀hún fúnra ẹ̀ bá fàyè gbà wọ́n. Ọdún 1911 ni Kalifọ́níà bẹ̀rẹ̀ èyí. Nígbà yẹn ilé-iṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Southern Pacific lágbára lórí àwọn òṣèlú ìpínlẹ̀ yìí débi pé ohun tí wọ́n bá fẹ́ ló ń di òfin, Hiram Johnson wá du ipò gómìnà lórí pé òun máa gba ìjọba kúrò lọ́wọ́ wọn, ó wọlé, ní oṣù October 1911 àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i pé aráàlú lè kó ìbuwọ́lùwé jọ kí wọ́n gbé òfin wá fúnra wọn. Ọjọ́ yẹn kan náà làwọn obìnrin ìpínlẹ̀ yìí gba ẹ̀tọ́ láti dìbò. Mo máa ń rán àwọn ọmọ mi obìnrin létí ọjọ́ yẹn.

Wo ilé wa ná. Lójú tìrẹ, ìgbà wo ni wọ́n bi aráàlú ní Nàìjíríà léèrè òfin kan rí? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, oṣù July 1963, nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ Mid-West kúrò lára Western Region tiwa, àwọn ará agbègbè yẹn dìbò pé àwọn fẹ́. Òfin 1999 ṣì ní kí wọ́n ṣe irú ìbò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n sójà ló dá gbogbo ìpínlẹ̀ tá a ní yìí sílẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi mọ́ wa lára, kì í ṣe pé orí wa ò pé.

Kó o lè rí bó ṣe ń pẹ́ tó lára èèyàn, òfin kan wà tí wọ́n dìbò fún ní June 1978, Prop 13 (bí wọ́n ṣe ń gé proposition kúrú nìyẹn), Howard Jarvis àti Paul Gann ló gbé e wá. Owó ilé ń gòkè nígbà yẹn, owó orí ilé sì ń bá a gòkè, ẹ̀rù ń ba àwọn àgbàlagbà pé ilé tí wọ́n ti san tán máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò ló ní Yes. Òfin náà ní owó orí ilé ò gbọdọ̀ ju 1 nínú 100 iye tí wọ́n ka ilé sí lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ju 2 nínú 100 lé iye yẹn lọ́dún kan títí dìgbà tí wọ́n bá ta ilé náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Ìwọ wá ra ilé lónìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá kan tó ti ra tiẹ̀ láti 1980. Iye tó o rà á gan-an ni wọ́n máa fi gé tìẹ, ti màmá ṣì ń rìn díẹ̀díẹ̀ látorí iye ìgbà yẹn. Àdúgbò kan náà, ilé-ìwé kan náà, ọkọ̀ kan náà ló ń kó pàǹtírí yín, owó orí tìẹ lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá tiwọn. Àwọn kan ní òun ló gba àwọn arúgbó là, àwọn kan ní àtọ̀húnrìnwá ló ń jìyà ẹ̀, pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ń jẹ níbẹ̀. Ní 2020 wọ́n gbé Prop 15 wá láti yọ ilé àwọn oníṣòwò ńlá kúrò nínú ẹ̀, nǹkan bíi 52 nínú 100 ní No. Mi ò sọ fún ẹ ẹni tó jàre. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí ni pé àwọn tó dìbò ní 1978, tí ọ̀pọ̀ wọn ti kú, àwọn ló ń kọ bíìlì rẹ.

Ó yá, kí ni kó o kọ́kọ́ wò?

Má kọ́kọ́ wo Yes. No ni kó o wò. Béèrè pé tí No bá wọlé, báwo ni nǹkan ṣe máa rí lọ́jọ́ kejì? Lọ́pọ̀ ìgbà, kí nǹkan wà bó ṣe wà ni No túmọ̀ sí, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá ìjọ yín, mi ò sì fojú kéré wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ ò bá dá lójú á mú No, àwọn tó ń polówó lòdì sí nǹkan sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò níláti fi hàn pé nǹkan náà burú, kí wọ́n ṣáà ti jẹ́ kó rú ẹ lójú ti tó.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti léwu rí nìyí. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní referendum. Ilé aṣòfin ti ṣòfin, gómìnà ti buwọ́ lù ú, ẹni tí kò fẹ́ òfin yẹn wá kó ìbuwọ́lùwé jọ láàárín 90 ọjọ́ kí wọ́n fi dá a dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Títí di 2023, tó bá dé orí bálọ́ọ̀tì, Yes túmọ̀ sí pé kí òfin náà dúró, No túmọ̀ sí pé kí wọ́n pa á; lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i sí Keep the law (kí òfin dúró) àti Overturn the law (kí wọ́n pa á). Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Prop 25 ní 2020 nìyẹn, òfin tó fẹ́ fòpin sí kéèyàn máa fowó gba béèlì, No borí, òfin náà kú. Ní 2022 tún ni Prop 31, òfin tó ní kí wọ́n má ta tábà aládùn-ún mọ́, èyí tó ń run bí èso tó ń fa àwọn ọmọ kéékèèké mọ́ra, àwọn ilé-iṣẹ́ tábà ló kówó sílẹ̀ kí wọ́n fi gbé e wá síwájú wa. Ìyá tó kórìíra tábà tó sì mú No láti òkè délẹ̀ lọ́dún yẹn, tábà ló dìbò fún láìmọ̀. Dúpẹ́ pé nǹkan bíi 63 nínú 100 ló kun Yes.

Ó ti ṣe èmi náà rí. 2016 ni, proposition mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀, ìwé àlàyé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ju ojú ewé 200 lọ. Prop 67 ní ká jẹ́ kí òfin tó dá ọ̀rá rírà ọjà dúró wà níbẹ̀. Prop 65 náà tún ń sọ̀rọ̀ ọ̀rá, ó ní kí owó tí wọ́n bá gbà lórí àpò ọjà lọ sínú àpò ìtọ́jú àyíká, etí mi gbọ́ àyíká, mo ní ó dáa, mo kun Yes. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo wá kà pé àwọn tó ń ṣe ọ̀rá gan-an ló gbé 65 wá, àwọn kan náà tó ń bá 67 jà. Ó dùn mí wọra, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ìbéèrè kejì tí mi ò fi ṣeré: ta ló gbé e wá, owó ta ni wọ́n ń ná?

Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Tó o bá rí i tí ẹnì kan ná mílíọ̀nù dọ́là lórí òfin kan, mọ̀ pé ó ní ohun tó fẹ́ gbà níbẹ̀ tàbí ohun tó ń sá fún. Ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó dájú pé o ti gbọ́ nípa àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera SEIU-UHW gbé ọ̀rọ̀ wọn wá bá wa, 2018, 2020, 2022. Àkọ́kọ́ fẹ́ fi òdiwọ̀n sí èrè táwọn ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ, èkejì ní kí dókítà wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń tọ́jú aláìsàn, ẹ̀kẹta fara jọ ọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ná ju mílíọ̀nù 100 dọ́là ní 2018, wọ́n tún ná ju mílíọ̀nù 100 lọ ní 2020, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni No borí. Nínú ìpolówó tọ̀tún tòsì, èèyàn tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ló ń sọ̀rọ̀, ìkan ní tó o bá mú Yes aláìsàn máa yè, ìkejì ní tó o bá mú Yes wọ́n máa ti ilé ìtọ́jú pa. Aṣọ funfun ò lè sọ fún ẹ ẹni tó ń parọ́. Àmọ́ tó o bá ti mọ̀ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ́ra ló wà lápá kan, tí àwọn tó ni ilé ìtọ́jú wà lápá kejì, o ti lè bi ara rẹ pé nínú àwọn méjèèjì, ta ni ohun tó fẹ́ bá ohun tí mo rí níbi iṣẹ́ mu? Ìwọ mọ ibi yẹn ju àwọn tó ń polówó lọ.

Àwọn onímọ̀ ti wò ó, ó ń ṣiṣẹ́. Ní 1988, proposition márùn-ún lórí ínṣọ́ránsì ló wà lórí bálọ́ọ̀tì Kalifọ́níà pa pọ̀, ó ṣòro kà, ó takókó. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Arthur Lupia bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò ní Los Angeles County sọ̀rọ̀, ó rí i pé àwọn tí kò mọ ohun tó wà nínú òfin náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ èyí táwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ń tì lẹ́yìn, ìbò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti àwọn tó kàwé náà tán. Ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ná ju mílíọ̀nù 60 dọ́là, síbẹ̀ Prop 103 tí wọn ò fẹ́ nìkan ló wọlé nínú márààrún, 51 nínú 100. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí wọ́n tó fi owó lé ínṣọ́ránsì mọ́tò rẹ.

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé olówó ló máa ń borí. Lóòótọ́ Uber, Lyft àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ná ju mílíọ̀nù 200 dọ́là lórí Prop 22 ní 2020 kí dírẹ́bà má bàa di òṣìṣẹ́ wọn gangan, ó wọlé, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ilé aṣòfin tó lè tún un ṣe, aṣòfin méje nínú mẹ́jọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, èyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé ṣe, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ yìí náà ti ní kó dúró ní July 2024. Mo mọ àwọn ọmọ wa tó ń wakọ̀ wọn tí wọ́n dìbò fún un, mo mọ àwọn tó sunkún lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2022 àwọn olówó míì ná ju mílíọ̀nù 400 dọ́là lórí Prop 26 àti 27, ti tẹ́tẹ́ eré ìdárayá, méjèèjì ló jábọ́. Ìpolówó 27 ń pariwo pé owó ẹ̀ máa kọ́lé fún àwọn tí kò nílé, tẹ́tẹ́ orí fóònù ló wà nínú ẹ̀, àwọn èèyàn ṣí i wò, nǹkan bíi 82 nínú 100 ní No.

Báwo lo ṣe máa mọ ẹni tó ń náwó? Òfin ìpínlẹ̀ yìí ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ́ta tó dáwó jù sínú ìpolówó, lẹ́tà kéékèèké tí a kì í kà yẹn ni. Kà á. Tẹ́nì kan bá sì dá ẹ dúró níwájú ilé ìtajà pé kó o wá sáìn, owó ni wọ́n sábà ń san fún un lórí ìbuwọ́lùwé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, ṣùgbọ́n sọ fún un kó fi orúkọ àwọn tó dáwó jù hàn ẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Kí òfin kan tó lè dé orí bálọ́ọ̀tì, ó lé ní 546,000 ìbuwọ́lùwé, tó bá jẹ́ ìwé òfin ìpìlẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, ó lé ní 874,000. Ẹni tí kò lówó ò lè kó ìyẹn jọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ orí bálọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ló ń kọ àkọlé, òṣèlú sì ni òun náà, aráàlú ló dìbò yàn án. Ọ̀rọ̀ kan lè yí gbogbo ẹ̀ padà. Àbúrò mi, nínú àwọn mẹ́wàá tó o mú No sí, Prop 6 wà níbẹ̀. Òun ló fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú òfin ìpìlẹ̀ Kalifọ́níà pé wọ́n lè fi ipá mú ẹlẹ́wọ̀n ṣiṣẹ́. Bálọ́ọ̀tì kọ ọ́ sí involuntary servitude, èdè lọ́yà. Lọ́jọ́ kan náà Nevada bi àwọn èèyàn tiwọn ní irú ìbéèrè yìí, wọ́n kọ slavery síbẹ̀ gbangba, oko ẹrú, Yes borí níbẹ̀. Tiwa jábọ́, nǹkan bíi 53 nínú 100 ní No. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ kan yẹn nìkan ló fà á. Tó bá jẹ́ pé ohun tó wù ẹ́ lo mú, ẹ̀tọ́ rẹ ni, ẹnikẹ́ni ò lè bá ẹ wí. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní ọkàn rẹ ò balẹ̀, mo sì rò pé irú ibi báyìí ló ti wá. Prop 32 náà wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ tó kéré jù kó di 18 dọ́là ní wákàtí kan, díẹ̀ báyìí ló fi bọ́.

Torí náà, nígbà tí ìwé àlàyé ìjọba bá dé sílé, má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò pọn dandan kó o ka gbogbo ẹ̀. Wá ojú ewé tí wọ́n ti kọ ohun tí Yes túmọ̀ sí àti ohun tí No túmọ̀ sí, lẹ́yìn náà lọ síbi àlàyé Legislative Analyst, àwọn yẹn kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ìṣirò ni iṣẹ́ wọn, wọ́n á sọ iye tó máa ná ìpínlẹ̀ yìí. Ká tó wá kan àwọn àròyé tó wà nísàlẹ̀, orúkọ àwọn tó buwọ́ lù wọ́n ni kó o wò ṣáájú ọ̀rọ̀ wọn. Àròyé, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ kó dùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ míì, tiyín lè yàtọ̀. Ní Texas, aráàlú ò lè gbé nǹkan wá fúnra wọn, ilé aṣòfin nìkan ló ń fi àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ránṣẹ́, 17 ni wọ́n fi ránṣẹ́ ní November 2025, gbogbo ẹ̀ ló wọlé. Ní Florida, àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní 60 nínú 100, ní 2024 èyí tó wà fún ẹ̀tọ́ oyún ṣíṣẹ́ ní nǹkan bíi 57, ó sì jábọ́. Níbẹ̀, ìdajì lé díẹ̀ ò tó. Ẹ béèrè iye tí tiyín ń fẹ́ kẹ́ ẹ tó jókòó sílé pé ó ti wọlé.

Ìwọ àti ọkọ rẹ, gbogbo ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Kalifọ́níà ni wọ́n ń fi bálọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí nílé, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ ìbò. Èmi àti ìyàwó mi máa ń jókòó sídìí tábìlì lálẹ́ Sunday kan, ìwé àlàyé láàárín wa, a máa jiyàn, nígbà míì a ò ní fẹnu kò, kálukú á kun tiẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ nìyí: kì í ṣe ọkọ rẹ ló máa kun tìẹ tàbí bá ẹ buwọ́ lù ú, kálukú ló ń buwọ́ lu ẹ̀yìn ẹ́ńfílóòpù tiẹ̀, wọ́n sì máa fi wé ìbuwọ́lùwé tó wà lọ́dọ̀ wọn látinú láísẹ́ńsì ọkọ̀ tàbí fọ́ọ̀mù tó o fi forúkọ sílẹ̀. Àwọn obìnrin wa tó yí orúkọ padà nígbà tí wọ́n di sítísìn ló ń kó sí wàhálà yìí jù. Tí kò bá bára mu wọ́n máa kọ lẹ́tà sí ẹ kó o wá tún un ṣe, má fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀, tó o bá dáhùn lásìkò wọ́n á ka ìbò rẹ, tó ò bá dáhùn, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn.